Ojú Oníbàárà Ni Ọwọ́ Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Polówó Iṣẹ́ Ọwọ́ Lórí Ìkànnì Ayélujára

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yín tó béèrè iye owó, yóò ti gbé ọjà náà wò. Yóò ti yí i sẹ́yìn, yóò ti fi àtàńpàkò tẹ ojú rírán rẹ̀, yóò sì ti mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù kò ní àǹfààní yìí. Ojú nìkan ló ní. Nítorí náà, iṣẹ́ tí fọ́tò àti fídíò yín gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ojú lè mọ ohun tí ọwọ́ ì bá mọ̀. Èyí tí kò bá ṣe é, bó ti wù kó rẹwà tó, àwọn èèyàn á kàn fi àmì ọkàn pupa sí i, wọ́n á sì kọjá lọ.

Orí ìmọ́lẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò ti wọlé tààrà, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ̀ wá bá ọjà. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi ojú híhun, ojú awọ àti ipa ìka lára amọ̀ hàn. Iná tó wà lẹ́yìn fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀: iwájú ló ti ń tàn, á pa gbogbo òjìji kéékèèké rẹ́, ọjà á sì rí pẹlẹbẹ bíi pé orí bébà ni wọ́n yà á sí. Ní òdìkejì fèrèsé, ẹ gbé páálí funfun kan dúró kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sí ìhà tó ṣókùnkùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa gílóòbù inú yàrá. Ọ̀pọ̀ gílóòbù ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, èyí tó ń wọlé láti ojú fèrèsé sì máa ń fẹ́ jọ búlúù. Tí méjèèjì bá pàdé lára aṣọ funfun, ìhà kan á pọ́n, ìhà kejì á dà bíi búlúù, fóònù kò sì ní mọ èyí tí yóò tún ṣe. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ “àwọ̀ tí mo rí kọ́ nìyí” ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ nu ojú kámẹ́rà pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, nítorí òróró ọwọ́ máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ràn bí èéfín. Ẹ tẹ ojú ọjà lórí fóònù, kí ẹ di ìka mú títí kámẹ́rà yóò fi dúró síbẹ̀. Ẹ má fi ìka fa àwòrán tóbi. Ẹ sún mọ́ ọjà fúnra yín. Tí àwòrán bá wá ń ṣe bàìbàì, ẹ ti sún mọ́ jù nìyẹn, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀.

Fọ́tò márùn-ún tó fún ọjà kan: odindi rẹ̀, ojú rírán tàbí híhun rẹ̀ láti ìtòsí, inú tàbí ìdí rẹ̀, òun nínú ọwọ́ èèyàn, àti òun lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Èyí tó wà nínú ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ má fò dá, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ tó dá dúró lórí tábìlì funfun. Ẹ tún kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Bí ọjà kọ̀ọ̀kan kò bá jọra délẹ̀, ẹ ya èyí tí ẹ fẹ́ tà gan-an, tàbí kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpẹẹrẹ lásán ni.

Ní ti fídíò, ẹ gbé fóònù ní òòró. Ìwọ̀n tó bá Reels (fídíò kúkúrú orí Instagram) àti TikTok mu ni píksẹ́lì 1080 ní ìbú, 1920 ní òòró. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, torí ìkànnì fúnra rẹ̀ yóò kó bọ́tìnnì àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bò ó. Ẹ má sì fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ̀ yín kò ní dúró wo orúkọ. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni yóò dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú pọ́ọ̀sì aláwọ tí a fi ọwọ́ rán, kí fídíò rẹ̀ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́: abẹ́rẹ́ méjì tí ọwọ́ méjèèjì fà le lẹ́ẹ̀kan náà, kí a gbọ́ bí òwú tí wọ́n fi ìda pa ṣe ń dún gba inú ihò kọjá. Mẹ́rin: ọ̀bẹ tó ń gé awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Mẹ́fà: rírán náà láti ìtòsí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójú fídíò. Òwú kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ méjèèjì, ihò kan náà ni wọ́n sì ń gbà, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn. Tí òwú bá já lójú kan, ìyókù kì í tú bọ̀rọ̀. Ohun tí oníbàárà kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ nìyí, òun ló sì ń jẹ́ kó gbà pé iye owó yín tọ́. Márùn-ún: pọ́ọ̀sì tó ti parí, tí ọwọ́ kan ń ṣí i, tó ń ti káàdì bọ̀ ọ́. Méjì tó kù: iye owó àti bí wọ́n ṣe lè rà á.

Ẹ fi ohùn irinṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ó láìtan ohùn. Ẹ ṣọ́ra fún orin tó gbajúmọ̀: lórí àkáǹtì oníṣòwò, ìkànnì lè pa ohùn fídíò yín. Orin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oníṣòwò ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì tọ́jú fídíò tí kò ní àmì ìkànnì kankan lára. Láti 2021 ni Instagram ti sọ pé àwọn kò ní máa tan èyí tó ní àmì TikTok kálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò lórí Instagram lè tó lẹ́tà 2,200, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kà. Ẹ fi ohun tí ọjà jẹ́ síbẹ̀, kí ohun èlò, ìwọ̀n, ọjọ́ tí yóò gbà láti ṣe é àti iye owó tẹ̀ lé e. “Ẹ wá béèrè owó nínú ínbọ́ọ̀sì” ń lé èèyàn. Wọ́n á rò pé ẹ ń wo ojú kí ẹ tó dá iye.

WhatsApp Status máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà “méjì ló kù” ni ibẹ̀ wà fún. Kátálọ́ọ̀gì (àkójọ ọjà) inú WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp àwọn oníṣòwò, ni kí ẹ kó ọjà tó wà nílẹ̀ sí. Kí ẹ tó polówó, ẹ ka iye tí ọwọ́ yín lè ṣe lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń ṣe mẹ́rin tó wá gba ogún sílẹ̀ yóò kánjú rán án, ojú rírán yẹn ni yóò sì tú àṣírí.

Lópin ọ̀sẹ̀, àmì ọkàn pupa kọ́ ni kí ẹ kà. Ẹ ka iye tó tọ́jú fọ́tò pamọ́, iye tó fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíràn, àti ìbéèrè tó ń wọlé. Tí èèyàn mẹ́ta bá béèrè bóyá fóònù lè wọ inú pọ́ọ̀sì yẹn, ẹ má kàn dáhùn nínú ínbọ́ọ̀sì. Ẹ ti fóònù bọ̀ ọ́ lójú kámẹ́rà, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ti tó, kí ẹ sì gbé e sórí ìkànnì lọ́jọ́ náà.