Bí A Ṣe Ń Wo Ìrìn Beggiatoa Lábẹ́ Maikirosíkóòpù

Ẹ káàbọ̀. Ohun tí a óò wò lónìí ni Beggiatoa, bakitéríà tó rí bí fọ́nrán òwú, tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ara rẹ̀ ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ nípa bakitéríà, ti rí i ní 1887 pé ohun alààyè lè gba agbára láti inú gáàsì ẹrẹ̀, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Ẹ wá ibi tí ìbòrí funfun fẹ́lẹ́ bá ti bo ẹrẹ̀ dúdú, kí ẹ fa funfun yẹn nìkan, nítorí pé ẹrẹ̀ dúdú yóò bo ohun tí ẹ fẹ́ rí. Ẹ kán an sórí awo dígí pẹlẹbẹ, kí ẹ sì fi dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìhó afẹ́fẹ́ kékeré kan sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fi Vaseline yí etí rẹ̀ ká, kí ọ́síjìn má baà rí ibòmíràn gbà wọlé ju inú ìhó náà lọ.

Ẹ wo fọ́nrán kan ṣoṣo. Àwọn hóró tó ń dán nínú rẹ̀ ni imí-ọjọ́ tó kó pa mọ́. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìrù, síbẹ̀ ó ń fà lọ bí ìgbín, ní ìwọ̀n máíkírómítà díẹ̀ (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni máíkírómítà kan) láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣọ́ ṣóńṣó tó dojú kọ ìhó: bí ọ́síjìn bá ti pọ̀ jù fún un, yóò dúró, èyí tó wà lẹ́yìn yóò sì di iwájú. Kì í yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ìpadàsẹ́yìn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ fọ́nrán bá ń padà báyìí, wọn yóò kó jọ bí ìlà funfun sí ibi tí ọ́síjìn díẹ̀ ti pàdé gáàsì ẹrẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún jù lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo tan iná dé góńgó, kò sì pẹ́ tí ojú awo fi ṣófo. Mo rò pé wọ́n ti kú ni. Àṣé fọ́nrán tó bá ti jáde kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ líle kì í gbà láti tún wọ ibẹ̀: ṣóńṣó rẹ̀ yóò kan ìmọ́lẹ̀ náà, yóò sì padà. Nítorí náà, ẹ dín iná kù, kí ẹ máa tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó tún wò.