Awọ Tó Ń Tọ́jú Egbò Tí Kò Sí

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìgbọ̀nwọ́ yìí. Awọ ibẹ̀ ti nípọn, ó ga ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìpẹ́ funfun sì bò ó. Bí aṣọ bá họ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ìpẹ́ á máa já bọ́. Lára ẹni tó funfun, ojú ibẹ̀ á pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè ṣókùnkùn tàbí kó dà bí àlùkò. Psoriasis nìyí. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀bùn ló ń fà á. Ó dùn mí pé a ṣì ní láti máa sọ ìyẹn.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níwọ̀n ìka méjì péré. Awọ ibẹ̀ dán. Jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni tí a jogún, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ibí náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì tọ̀hún. Kí ló wá dé?

Ìyàtọ̀ wà nínú jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ lo jíìnì kan, á kọ́kọ́ da á kọ sí RNA, ẹ̀dà yẹn ni á sì máa tẹ̀ lé láti fi ṣe purotéènì. Bí ẹ̀dà bá pọ̀, jíìnì yẹn ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan nìyẹn. Torí náà, àwọn oníwádìí á gé awọ bíńtín níbi tí àìsàn wà, wọ́n á gé òmíràn níbi tó dán, wọ́n á wá fi RNA wọn wé ara. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún jíìnì ni kò rí bákan náà.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni àwọn jíìnì keratin 6, 16 àti 17. Nínú awọ ìgbọ̀nwọ́ tó dá ṣáṣá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọhùn rárá. Ọjọ́ tí ọ̀bẹ bá géni ni wọ́n máa ń jí, kí ojú egbò lè tètè pa dé. Nínú psoriasis, wọn ò sùn mọ́. Awọ náà ń sáré tọ́jú egbò tí kò sí níbẹ̀! Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lo nǹkan bí oṣù kan kó tó ti ìsàlẹ̀ dé òkè, láàárín ọjọ́ mélòó kan ló ti débẹ̀, láì tíì gbó. Jíìnì loricrin tó yẹ kó mú òkè awọ le ti rẹlẹ̀, ìpẹ́ wá ń ṣí.

Ta ló ń pe àwọn jíìnì keratin yẹn jí? Àwọn sẹ́ẹ̀lì T ni, ọmọ ogun ara wa. IL-23, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, á ru wọ́n sókè, wọ́n á tu irú rẹ̀ mìíràn, IL-17, jáde. Bí sẹ́ẹ̀lì awọ bá ti gba iṣẹ́ yẹn, òun náà á ránṣẹ́ pe ọmọ ogun sí i. Wọ́n á máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀, láìdákẹ́.

Abẹ́rẹ́ tó ń dínà IL-17 máa ń já ìpè yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, awọ ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, jíìnì tó pọ̀ jù á sì padà sùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ṣá o. Díẹ̀ ṣì máa ń wà lójúfò, àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan á sì jókòó síbẹ̀ tí wọn ò lọ. Àpá ni àwọn oníwádìí ń pè é, àpá tí ojú lásán ò lè rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá dá oògùn dúró, ojú ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni psoriasis sábà máa ń padà sí.