Agbára Ìwádìí Èrò Jákèjádò Orílẹ̀-èdè Nínú Ìdìbò Abẹ́lé Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà níkàlẹ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí dá lórí ìbéèrè kan tó máa ń jẹyọ nígbàkígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà bá fẹ́ fa olùdíje kalẹ̀ fún ipò ààrẹ: òǹkà tí àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí èrò ń gbé jáde jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, báwo ló ṣe wúwo tó nínú ìdíje abẹ́lé? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹni tó bá sì fẹ́ di ààrẹ níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ borí nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti oṣù Kẹwàá ọdún 2007. Ní oṣù náà, iléeṣẹ́ Gallup bi àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Democratic léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdá 50 nínú 100 dárúkọ Hillary Clinton, ìdá 21 péré ló sì dárúkọ Barack Obama. Ẹni tó bá ka òǹkà yìí nígbà náà, tó sì gbà pé ìdíje ti parí, kò ṣe òmùgọ̀ rárá, torí pé àlàfo tó tó ìlọ́po méjì kì í ṣe ohun tí ojú ń fò. Síbẹ̀, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, Obama ló gba tíkẹ́ẹ̀tì náà. Gallup kò ṣe iṣẹ́ wọn láṣìṣe. Àwa tí a ń ka iṣẹ́ wọn ni a kò bi ara wa léèrè ohun tí òǹkà náà ń wọ̀n.

Ìdìbò abẹ́lé Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀pọ̀ ìdìbò tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di nǹkan bí oṣù Kẹfà, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀ nípa ẹni tó lè dìbò àti bí wọn yóò ṣe ka ìbò. Iowa àti New Hampshire ló ṣíwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún, Nevada àti South Carolina tẹ̀lé wọn, kó tó wá kan ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ń pè ní Super Tuesday, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń dìbò pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ọjọ́ kankan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè ń dìbò papọ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ ìwádìí bá wá béèrè pé, "Bó bá jẹ́ pé òní ni ìdìbò náà, ta ni ẹ máa dìbò fún?", ìdìbò tó ń bèèrè rẹ̀ kò sí lórí kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni.

Ẹ fojú inú wo obìnrin kan ní California, ní oṣù Kẹta ọdún tó ṣáájú ọdún ìdìbò. Ó ń dáná alẹ́ lọ́wọ́, fóònù dún, ohùn kan sì ní àwọn ń ṣe ìwádìí. Wọ́n ka orúkọ méjìlá sí i létí. Ó mọ méjì nínú wọn dáadáa, ẹ̀kẹta ń ṣe é bíi pé òun ti gbọ́ ọ rí, mẹ́sàn-án tó kù sì ṣàjèjì sí i pátápátá. Kò tíì gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ kankan láàárín àwọn olùdíje, kò sí ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti polongo ìbò, ó sì tó ọdún kan gbáko kí ìdìbò tó kan ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó mọ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé òun mọ ẹni náà. Àwa tí a ka ìròyìn lọ́jọ́ kejì ni a sọ ọ́ di pé yóò dìbò fún un.

Ìdí nìyẹn tí Joe Lieberman fi wà lókè téńté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003: àwọn ènìyàn ṣì rántí pé òun ni Al Gore mú ṣe igbákejì nínú ìdìbò ọdún 2000. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé dé, kò borí ní ìpínlẹ̀ kankan. Ti Rudy Giuliani tún le ju ìyẹn lọ. Gbogbo Amẹ́ríkà ló mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú New York nígbà ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ó sì léwájú nínú ìwádìí èrò ẹgbẹ́ Republican fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 2007. Ó gbójú lé òǹkà náà, ó fi àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ó ní Florida lòun yóò dúró dè. Nígbà tí Florida fi máa dìbò ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2008, ọ̀rọ̀ ti di ti John McCain, ẹni tí àpò ìpolongo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ní oṣù Keje tó kọjá. Giuliani ṣe ipò kẹta, ó sì jáwọ́ lọ́jọ́ kejì.

Kí a wá wo ibi tí ìdìbò ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2008, àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Democratic ní Iowa jáde nínú òtútù, wọ́n kóra jọ sí yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkàwé ìlú. Ìpàdé tí wọ́n ń pè ní caucus ni, kò sì sí ìkọ̀kọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà náà, àwọn tó wà lẹ́yìn olùdíje kọ̀ọ̀kan á lọ dúró sí igun tiwọn, wọ́n á sì ka orí wọn. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, igun tí èrò ibẹ̀ kò bá tó ìdá 15 nínú 100 àwọn tó péjú kò ní ẹ̀tọ́ sí aṣojú, ìyẹn dẹ́lígéètì tí yóò lọ ṣojú wọn nípàdé ẹgbẹ́, torí náà àwọn tó wà níbẹ̀ ní láti túká kí wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ igun mìíràn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ọmọ ẹni lè máa pe ni láti igun kan, kí ẹni tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin máa pe ni láti igun kejì, ènìyàn á sì pinnu lójú gbogbo àdúgbò. Olùdíje tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì lè tibẹ̀ di alágbára, bẹ́ẹ̀ òǹkà tí ìwé ìròyìn ń gbé sójú ewé àkọ́kọ́ kì í ka ẹnìkejì.

Nǹkan bí 239,000 ènìyàn ló jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Obama ní nǹkan bí ìdá 38, John Edwards ní nǹkan bí ìdá 30, Clinton sì ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ohun tó dín díẹ̀ sí ìyẹn. Ìwé ìròyìn Des Moines Register, tó bi àwọn ará Iowa fúnra wọn, ti sọ ọ́ ṣáájú pé Obama ló ń léwájú níbẹ̀, ní àkókò tí Clinton ṣì wà lókè jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn Iowa ni òǹkà gbogboogbò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí fún John Kerry ní ọdún 2004: nígbà tó fi ilé rẹ̀ ní Boston dúró láti yáwó ìpolongo ní ìparí ọdún 2003, Howard Dean ni gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, Kerry borí ní Iowa, ó borí ní New Hampshire, kó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló wà lókè nínú ìwádìí jákèjádò orílẹ̀-èdè. Òǹkà náà ni ìrù ẹṣin; ibi tí ẹṣin bá yà sí ló ń yà sí.

N kò sọ pé ìwádìí ti ìpínlẹ̀ kì í ṣìnà o. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn Iowa, ìwádìí lóríṣiríṣi sọ pé Obama yóò borí ní New Hampshire, Clinton ló sì borí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣojú tún wà níbẹ̀, àwọn dẹ́lígéètì tí àwa náà mọ̀ dáadáa nílé. Nígbà tí APC ṣe ìdìbò abẹ́lé wọn ní Eagle Square, Abuja, ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí Aṣíwájú Bola Tinubu ní ìbò 1,271, aṣojú ló dìbò, kì í ṣe aráàlú lójú pópó. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ ní ti pé ìbò aráàlú ló ń pín aṣojú fún olùdíje, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pín in ló fa wàhálà fún ẹni tó bá ń wo òǹkà gbogboogbò nìkan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2008, Clinton borí ní New Jersey, níbi tí àwọn olùdìbò ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó ní aṣojú 59, Obama ní 48. Lọ́jọ́ kan náà, Obama borí ní Idaho, níbi tí nǹkan bí 21,000 ènìyàn ti jáde sí caucus. Ó ní aṣojú 15, Clinton ní 3. Ẹ ṣírò rẹ̀. Èrè Clinton ní New Jersey jẹ́ aṣojú 11, ti Obama ní Idaho jẹ́ 12. Nínú ìwádìí jákèjádò orílẹ̀-èdè, ará Idaho kéré débi pé ènìyàn lè má rí i rárá.

Ṣé a wá lè da òǹkà náà nù sórí ààtàn? Rárá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Donald Trump léwájú nínú ìwádìí ẹgbẹ́ Republican láti oṣù Keje ọdún 2015, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé òkìkí lásán ni. Ó pàdánù Iowa sọ́wọ́ Ted Cruz, ó borí ní New Hampshire, ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ti Joe Biden ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Ó wà lókè ní gbogbo ọdún 2019 àfi fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣe ipò kẹrin ní Iowa, ó ṣe ipò karùn-ún ní New Hampshire, àwọn ènìyàn sì ti ń múra àtisọ pé òǹkà tún ti tàn wá jẹ. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ni òpó tí ẹgbẹ́ Democratic gbára lé ní gúúsù. Ìwádìí jákèjádò orílẹ̀-èdè gbọ́ ohùn wọn nígbà tí Iowa kò lè gbọ́ ọ. Ní South Carolina, níbi tí aláwọ̀ dúdú ti ju ìdajì àwọn olùdìbò ẹgbẹ́ náà lọ, Biden ní ìdá tó lé ní 48 ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2020. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó borí ní ìpínlẹ̀ 10 nínú 14 tó dìbò. Òǹkà gbogboogbò sọ òótọ́ nípa Biden nítorí pé kì í ṣe mímọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn tó dárúkọ rẹ̀ ti pẹ́ ní ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí wàyí ni pé àwọn alágbára ti sọ òǹkà yìí di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, olùdíje 17 ló ń lépa tíkẹ́ẹ̀tì Republican. Iléeṣẹ́ Fox News, tó gbé ìtàkùrọ̀sọ àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Cleveland, kó ìwádìí márùn-ún jákèjádò orílẹ̀-èdè pọ̀, wọ́n wá ìpíndọ́gba wọn, wọ́n sì ní ẹni mẹ́wàá tó wà lókè ni yóò gun orí pèpéle lálẹ́. John Kasich wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹwàá pẹ̀lú ìdá 3.2. Rick Perry, tó ti ṣe gómìnà Texas fún ọdún 14, ní ìdá 1.8, wọ́n sì kó o mọ́ àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn òǹwòran kò pọ̀ tó ti alẹ́. Ìyàtọ̀ ìdá 1.4 nìyẹn, nínú ìwádìí kan tó bi 400 ọmọ ẹgbẹ́, kò ju ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Perry jáwọ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Kasich dúró, ó ṣe ipò kejì ní New Hampshire, ó sì borí ní Ohio, ìpínlẹ̀ rẹ̀. Rick Santorum, tó borí ní Iowa ní ọdún 2012 pẹ̀lú ìbò 34 péré, wà lára àwọn ará ìrọ̀lẹ́ náà. Ní ọdún 2015 kan náà ni Gallup kéde pé àwọn kò ní ṣe ìwádìí nípa ẹni tó ń léwájú nínú ìdìbò abẹ́lé ọdún 2016, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn lórí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Democratic gbìyànjú láti tún un ṣe ní ọdún 2019. Wọ́n gba ìwádìí láti àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ ti gbogboogbò, wọ́n sì ní ẹni tí 65,000 ènìyàn bá dáwó fún lè wọlé pẹ̀lú. Olùdíje 20 ló sọ̀rọ̀ ní Miami ní oṣù Kẹfà, fún alẹ́ méjì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé ọ̀pá náà sókè láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ènìyàn ní òǹkà àti olùdáwó pọ̀, àwọn olùdíje sì ń ná owó tó yẹ kí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́ sí Iowa lórí ìpolówó íntánẹ́ẹ̀tì láti fi wá olùdáwó tuntun. Ẹni tí kò bá sí lórí pèpéle, ìròyìn kò ní gbé e. Ẹni tí ìròyìn kò gbé, obìnrin orí fóònù yẹn kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò sì mọ̀, kò ní dárúkọ rẹ̀ fún oníṣẹ́ ìwádìí. Cory Booker jáwọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2020. Lọ́jọ́ kejì, olùdíje mẹ́fà ló dúró lórí pèpéle ní Des Moines, gbogbo wọn sì jẹ́ aláwọ̀ funfun, nínú ẹgbẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́ òpó rẹ̀ yìí.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Texas, pàápàá ní Houston, àwọn tó ti di ọmọ ìlú níbẹ̀ sì ń dìbò. Julián Castro, tó ti ṣe olórí ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ kan náà, tó sì ti ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé lábẹ́ Obama, wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ ní Miami. Àwọn olùdáwó tí òfin béèrè fún ìtàkùrọ̀sọ oṣù Kọkànlá pé sọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkà ìwádìí ni kò pé. Wọn kò jẹ́ kó gun pèpéle. Ó jáwọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Texas tó dìbò.