Aago tó wà lọ́rùn Bàbá Sàlá

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé. Aago kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi fojú inú wò. Kì í ṣe aago ọwọ́. Aago orí tábìlì ni, irú èyí tó máa ń han gooro láàárọ̀, tí àwọn òbí wa máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọkùnrin kan gbé e kọ́rùn. Ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, ó so táì labalábá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo àyà rẹ̀, ó gbé férémù awò ràgàjì sójú, ó sì rọra jáde sáàárín àwùjọ. Kò tíì la ẹnu rárá tí ẹ̀rín ti gba gbọ̀ngàn kan.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ẹ wo ohun tó wọ̀ yẹn dáadáa: kóòtù, táì, awò ojú, aago. Ohun èlò akọ̀wé ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ọmọdékùnrin bá lọ sílé ìwé tó sì gbaṣẹ́ ìjọba, nǹkan mẹ́rin yìí làwọn ará ilé fi ń mọ̀ pé ó ti dèèyàn. Bàbá Sàlá kó wọn jọ, ó fẹ̀ wọ́n lójú, ó wá gbé wọn wọ ahun, olójúkòkòrò, bàbá àgbà tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára obìnrin àti oúnjẹ. Lójú tèmi, àròjinlẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí náà nìyẹn: iṣẹ́ ni àwàdà ọkùnrin yìí, ó ní ìṣirò, ó ní ẹni tó ni ín. Torí pé a kò kà á síṣẹ́ la ṣe dúró tí a ń wò nígbà tí wọ́n jí i mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdí orin ló ti bẹ̀rẹ̀. Olórin háíláìfù ni kó tó di aláwàdà. Ní 1964, òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sì ń ta gìtá fún un níbẹ̀ ni Sunday Adéníyì, ẹni tó wá di King Sunny Adé. Àwọn èèyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dápàárá lásán, wọn á sì gba ibòmíì lọ. Èmi máa ń dúró síbẹ̀. Mo gbà pé ìdí orin ni Bàbá Sàlá ti kọ́ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́. Ẹni tó bá ti darí ẹgbẹ́ olórin rí mọ ibi tó yẹ kí ìlù ti sinmi kí gìtá tó wọlé. Ẹ wò ó bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè nínú eré: á wo ẹni tó bi í, á wo òǹwòran, á sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń bú.

Àwàdà fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Àwọn eégún apidán, àwọn alárìnjó tí ìtàn wọn so mọ́ ààfin Ọ̀yọ́, ti ń sín Tápà jẹ, wọ́n ti ń sín òyìnbó jẹ, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí iná mànàmáná. Hubert Ògúnńdé dá ẹgbẹ́ eléré tó ń gba owó ìwòran sílẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1950, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú eré gbogbo wọn, ti Ògúnmọ́lá pàápàá. Ṣùgbọ́n ìpápánu ni. Ọba, òrìṣà, ìjà ìlú, ẹ̀kọ́ ìwà, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni oúnjẹ. Bàbá Sàlá ló gbé ìpápánu náà kalẹ̀ bí oúnjẹ alẹ́. Aláwàdà ló sọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ti mọ ohun tóun wá wò.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ eléré á wọ̀lú lọ́sàn-án pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí rẹ̀. Á yí ọjà ká, á gba iwájú ilé ìwé kọjá, wọ́n á máa kéde eré alẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ta aṣọ ìtàgé sínú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀. Kò sí ìwé eré lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ti sọ ìtàn fún wọn, oníkálùkù mọ ibi tóun á ti wọlé àti ibi tóun á ti jáde, ọ̀rọ̀ tó kù, ẹnu rẹ̀ ni yóò ti wá. Bí àwàdà kan bá pa àwọn ará Ìbàdàn lẹ́rìn-ín tí àwọn ará Àkúrẹ́ sì wò ó ṣáá, wọ́n á tún un ṣe kí wọ́n tó dé Òǹdó. Owó ẹnu ọ̀nà alẹ́ yẹn ni wọ́n á sì fi ra epo tí yóò gbé wọn dé ìlú tó kàn.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá gbé e wọlé wa. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, WNTV (Western Nigeria Television), ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, àwọn eléré Yorùbá sì tètè ráyè níbẹ̀. A kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé tiwa. Ilé bàbá kan ládùúgbò la ti ń wo Bàbá Sàlá, àwọn ọmọdé nílẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan mo fi okùn so aago màmá mi kọ́rùn, mo ń rìn bí ìrìn rẹ̀, ni aago bá já bọ́, ó fọ́. Màmá mi gbé pàṣán, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí wọ́n lè nà mí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ń dùn mí. Ní 1976, fíìmù Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí tí Adéyẹmí Afọláyan sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, fi han àwọn eléré pé èrò á wá wo sinimá Yorùbá. Bàbá Sàlá náà fẹ́ ṣe tirẹ̀. Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, Ọlá Balógun kan náà ló darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tí ìfẹ́ owó òjijì sọ di òtòṣì ni.

Fíìmù ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi fóònù ká. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó ńlá sì ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá dé, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni ẹ̀dà kan lè wà lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà olówó fíìmù á máa gbé e láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbé ẹgbẹ́ eléré kiri tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lowó ń padà wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kò mọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà ká fíìmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì kan lè dà á kọ sínú ogún kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe Ọ̀run Móoru. Ó ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn olè nígbà tí ẹni tó yáwó ṣe é kò tíì rí owó rẹ̀ kó jọ. Ta ni yóò tún sanwó wọ gbọ̀ngàn wo ohun tó wà ní pálọ̀ aládùúgbò rẹ̀? Gbèsè náà bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òṣómàáló là ń kì Ìjẹ̀ṣà, torí pé àwọn bàbá wọn tó ń ta aṣọ láwìn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ọmọ Òṣómàáló yìí ni gbèsè wá ń lóṣòó dè, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni tí òun náà lè lọ lóṣòó sí, nítorí kò mọ àwọn tó jẹ owó òun. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ti 1970 ni, kò sì rí ọ̀ràn kásẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ọdún 1988 ni ìjọba tó gbé òfin tuntun jáde. Ó ti pẹ́ jù fún un.

Kò tìtorí ẹ̀ dákẹ́. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, lẹ́yìn náà Mo Ṣebọ́látán, tí Adéyẹmí Afọláyan darí. Mo máa ń ronú lórí orúkọ fíìmù yẹn gan-an: mo ṣebí ọlá ti tán. Kí ọdún 1990 tó wọlé, àwọn eléré ti ń ya fídíò tààrà sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Látinú ohun tó run owó Bàbá Sàlá ni àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti wá rí oúnjẹ, tí wọ́n kọ́lé. Ọmọ rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀, tí a mọ̀ sí Boísálà, gba iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe. Bàbá fúnra rẹ̀ jáde láyé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yìí tán lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe àwàdà sórí íntánẹ́ẹ̀tì dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, wọ́n ń gbé fídíò tèmi náà sórí ojú ewé tiwọn, wọ́n ń gé orúkọ mi kúrò. Kí ni kí n ṣe?" Mo sọ fún un pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 fún un láṣẹ láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó máa tọ́jú fídíò àkọ́kọ́ tó bá yà, pẹ̀lú ọjọ́ tó yà á, sí ibi tí kò ti ní sọnù. Ó bi mí bóyá Bàbá Sàlá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ sẹ́nikẹ́ni. Mo ní rárá, kò sí àdírẹ́sì tí ì bá kọ sí i.