Èéfín Jẹnẹrétọ̀ àti Òkú Aláwọ̀ Dúdú

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bí wọ́n bá bá ènìyàn mẹ́rin nínú yàrá kan láàárọ̀, tí gbogbo wọn ti kú, tí kò sí ọgbẹ́ lára ẹnikẹ́ni, ohun tí àdúgbò máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n fún wọn ní nǹkan jẹ. Wọ́n á dárúkọ ọbẹ̀ alẹ́ àná, wọ́n á dárúkọ ẹni tó gbé e wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, májèlé ló pa wọ́n lóòótọ́, àmọ́ kò gba ẹnu wọlé. Imú ló gbà, láti ara jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè.

Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni gáàsì tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ náà. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Himoglóbìnnì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, gáàsì yìí sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Claude Bernard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ti ṣàlàyé èyí láti àwọn ọdún 1850. Lọ́dún 1895, J. S. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bìrìtìkó, fa gáàsì náà símú fúnra rẹ̀, ó ń kọ bó ṣe ń rí lára rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbà á dúró dáadáa mọ́. Èmi ò jẹ́ dán an wò!

Àwọn ìwé tí àwa tó ń ṣàyẹ̀wò òkú fi kọ́ṣẹ́ sọ pé òkú ẹni tí gáàsì yìí pa máa ń pupa yòò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkú òyìnbó ni àwọn tó kọ wọ́n ń wò. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, bí o bá wo ẹ̀yìn tàbí àyà nìkan, o lè má rí nǹkan kan. Èékánná, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ètè àti inú ìpéǹpéjú ni kí o yẹ̀ wò. Bí a bá la òkú, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń pupa. Síbẹ̀ ojú nìkan kò tó. Òkú tó pẹ́ nínú òtútù mọ́ṣúárì lè pupa bẹ́ẹ̀, májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì náà sì lè fà á. Ilé àyẹ̀wò ló máa yanjú rẹ̀. Bí gáàsì bá ti gba ju ìdajì himoglóbìnnì lọ, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tó kéré sí i lè pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Nínú ilé tó jóná pàápàá, àyẹ̀wò yìí wúlò: ẹni tó ń mí nígbà tí iná ń jó máa ń ní gáàsì náà lẹ́jẹ̀, ẹni tí wọ́n ti pa kí wọ́n tó dáná sunlé kì í sábà ní in.

Ibi tó ń dùn mí jù ni fọmalíìnì. Àwọn mọ́ṣúárì wa máa ń yára gún òkú lábẹ́rẹ́ rẹ̀ kó má baà rùn, ẹ̀jẹ̀ tí à bá yẹ̀ wò á sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá kàn gbé òkú sínú òtútù, gáàsì náà á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Òfin Kọ́rónà ti ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2007, sọ pé irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé etígbọ̀ọ́ kọ́rónà, ìyẹn aláṣẹ tó ń wádìí ohun tó pa ènìyàn. Mọ̀lẹ́bí máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má gé òkú àwọn. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, àmọ́ kí wọ́n rántí ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá, tí àdúgbò ti ń pè ní apànìyàn.

Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ á ṣí fèrèsé, ó sì yẹ kó ṣí i, ṣùgbọ́n gáàsì á ti lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Ohun tó máa kù ni jẹnẹrétọ̀ tó ti kú, tí epo ti gbẹ nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì pa. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Bí ẹnìkan bá yè, kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní kíá. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ìdajì gáàsì náà á ti jáde lára rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Pẹ̀lú ọ́síjìn, kò ju bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ.