Kí Ló Fà Á Tí Fóònù Ò Fi Mọ Ọ̀gá Yàtọ̀ Sọ́mọ

Tí fóònù yín bá dún nísìnyí, ṣé ẹ lè sọ ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ kí ẹ tó wò ó? Ó lè jẹ́ ọ̀gá ibiṣẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ yín, ó sì lè jẹ́ géèmù kan tó ń bínú pé ẹ ti pa òun tì. Ẹ ò lè mọ̀. Ohun tá a fẹ́ tú wò nínú fídíò yìí nìyẹn, ìdí tí iṣẹ́, ẹbí àti fàájì fi wá ń gba ojú kan náà wọlé, tí gbogbo wọn sì ń pariwo bákan náà. Kóòdù lèmi ń kọ jẹun, àwa gan-an la ń lu agogo yẹn mọ́ yín létí, nítorí náà mo mọ bó ṣe ń lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé áàpù kọ̀ọ̀kan ló ń lọ bi server tiẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, léraléra pé ṣé nǹkan ti dé. Rárá o. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, bátìrì yín ò ní rí ọ̀sán. Fóònù yín ní ìsopọ̀ kan tó so ó mọ́ server Apple tàbí ti Google, ọdún 2009 ni Apple gbé tiẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ gbà. Tí ẹnì kan bá fi message ránṣẹ́ sí yín, server áàpù yẹn á gbé e fún Apple tàbí Google, àwọn yẹn á wá tì í sọ́dọ̀ yín. Ó dà bí ilé tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀ wò, ẹni tó wá sọ pé iná ń jó àti ẹni tó wá polówó bàtà, agogo kan náà ló ń lù fún wọn. Ọgbọ́n ńlá ni o, mi ò bú u, àmọ́ bátìrì ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọn ò ro ti ìdílé.

Ẹ máa ní ṣé kò síbi tí wọ́n ti ń sọ èyí tó ṣe pàtàkì ni? Ó wà. Message tá a bá fi ránṣẹ́ láyè tá a ti ń kọ ọ́ pé ṣé kánjúkánjú ni àbí ó lè dúró. Ta ló ń kọ ọ́? Àwa tá à ń fi ránṣẹ́ náà ni! Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tòun lè dúró dọ̀la? Apple mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni oríṣi kan tó lè dún kódà tẹ́ ẹ bá ti pa ohùn fóònù ò fi ṣe é lò láìtọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Android náà gbìyànjú, láti Android 8 lọ́dún 2017 làwọn áàpù ti ń pín notification wọn, ìyẹn àwọn ìkéde tó ń yọ lójú fóònù, sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ lè pa ti ìpolówó kẹ́ ẹ sì fi ti message sílẹ̀ (ẹ fọwọ́ tẹ notification kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí i), nígbà tó di Android 13 lọ́dún 2022, ó di pé áàpù tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà máa tọrọ àyè kó tó lè máa dún. Ẹ̀yin lẹ ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á o.

Ti fàájì wá ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń parí, ẹ máa dé ìsàlẹ̀, ẹ máa tẹ ibi tí wọ́n kọ "èyí tó kàn" sí. Títẹ̀ kékeré yẹn, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń bi ara ẹ̀ pé ṣé kí n ṣì máa bá a lọ ni. Ọdún 2006 ni Aza Raskin, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò bí ojú ewé ṣe máa rí, ṣe èyí tí kì í tán, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń fà á lòmíì ń jáde, òun fúnra ẹ̀ sì ti sọ ọ́ síta pé ó dun òun bí wọ́n ṣe wá ń lò ó. Kì í ṣèkà, ó kàn fẹ́ gba èèyàn lọ́wọ́ títẹ̀ ni.

Tàwa tá à ń ṣiṣẹ́ tech tún burú díẹ̀, irinṣẹ́ iṣẹ́ wa náà nirinṣẹ́ ìsinmi wa. Èèyàn á pa kọ̀ǹpútà dé lálẹ́, á tún gbé fóònù, ojú tó ti ń wo skrínì látàárọ̀ ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣe, á ní òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa nǹkan tuntun kan. Irọ́ ni, fídíò ológbò ló ń wò.

Ibi tó ti kan ẹbí gan-an nìyí. Lójú ọmọdé, bàbá tó ń jí server tó dákú dìde àti bàbá tó ń wo ológbò, ọ̀kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì dojú kọ fóònù, wọn ò sì dáhùn. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, ọmọ ń rí i pé ìwé ìròyìn ni, ó ń rí ibi tó kà á dé. Skrínì kì í fi nǹkan kan hàn ẹni tó jókòó síwájú yín. Èmi máa ń sọ ọ́ jáde ni: "ibiṣẹ́ ni, ẹ fún mi níṣẹ́jú mẹ́wàá." Bó bá jẹ́ ológbò, ẹnu mi ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀, mo sì máa gbé e sílẹ̀.

Ìyókù, inú settings ni, ìfaradà nìkan ò lè ṣe é. Lórí Android tẹ́ ẹ ní work profile, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ fáwọn áàpù iṣẹ́, gbogbo áàpù iṣẹ́ lẹ lè mú sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí iPhone, Focus ti wà láti 2021, ẹ lè yan ẹni tó lè dún sí yín nírọ̀lẹ́, mo ní ẹni o, áàpù náà sì wà ńbẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mú èèyàn.

Àwọn ìjọba kan ti fòfin kún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, òfin Faransé ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè jókòó bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀rọ tì lẹ́yìn iṣẹ́, ti Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ó dáa, àmọ́ server ò mòfin, ó lè dákú láago mẹ́ta òru. Ibẹ̀ ni on-call ti wọlé: ẹ pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara yín, fóònù ẹni tó kàn nìkan ló máa dún, tàwọn yòókù á dákẹ́, ẹni tó jí lóru á sì sinmi lọ́jọ́ kejì. Tí ilé-iṣẹ́ yín ò bá ní irú ẹ̀, tí gbogbo yín ń ta jí fún ìró kan náà, kò sí settings tó lè gbà yín, ọ̀gá lẹ máa lọ bá. Kẹ́ ẹ mú àkọsílẹ̀ àwọn ìró òru yẹn dání, kẹ́ ẹ jọ wo èyí tó lè dúró di àárọ̀ nínú ẹ̀.