Ẹ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà, Mọ́tò àti Iṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo kìlọ̀ fún wọn pé mi ò kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ràn àtimáa tú nǹkan ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń tú rédíò, ó sì pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà. Ẹ̀yin náà ẹ lè gbà á rò iye ìgbà tí mo jẹgba. Nítorí náà, èrò ọkàn mi lásán lẹ ó gbọ́ lónìí. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, ààyè ìbéèrè wà lẹ́yìn.

Kọ̀ǹpútà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó tàn, mo lè lọ wẹ̀, kí n wọṣọ, kí n padà wá bá a lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá sì ṣí fídíò, fáànù rẹ̀ á máa pariwo bíi pé ó fẹ́ fò lọ. Mo gbé e tọ ẹni tó ń tún un ṣe lọ. Kò tú u. Kò tilẹ̀ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó ní ó ti gbó, kí n lọ ra tuntun.

Mo gbé e délé, mo mú ìtúdè, ìyẹn screwdriver, mo tú u fúnra mi. Eruku tí mo bá lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ti dì bí òwú ìrọ̀rí. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn processor, ní ọgbọ́n kan: bí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá ààlà, ńṣe ló máa ń dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Kọ̀ǹpútà mi ò gbó rárá, ooru ló ń mú un. Mo gbọn eruku náà dànù, mo sì pààrọ̀ oje tó máa ń wà láàárín ọpọlọ yẹn àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Ti àtijọ́ ti gbẹ táútáú.

Ìdajì àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì tó kù wà ní ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Àwo ni wọ́n fi ṣe disk àtijọ́. Àwo náà ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré kiri lórí rẹ̀, ó ń wá ohun tí a béèrè. Létí tèmi tìrẹ, 5,400 pọ̀. Lójú ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ bílíọ̀nù mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbín ni. SSD, ìyẹn irú tuntun tó ń kó nǹkan pa mọ́ sínú ṣíìpù, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú ní tiẹ̀. Ìgbà tí mo fi í rọ́pò disk yẹn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kí n jù nù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kí n tó fa àga jókòó tán.

Ọ̀rọ̀ jíju nǹkan nù yìí ń dùn mí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí nǹkan kan ò ṣe ni kò kún ojú ìwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Kí wá ni kí olówó rẹ̀ ṣe? Tèmi ni pé kó fi Linux, ètò míràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, kéde pé òun ń ṣe é, ó sì sọ nígbà náà pé eré ìdárayá ọwọ́ òun lásán ni. Lónìí, orí rẹ̀ ni Android jókòó lé, láti 2017 sì ni gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó yára jù lágbàáyé ti ń lò ó. N kò ní parọ́ fún yín o, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí Linux fi fojú mi rí màbo. Ṣùgbọ́n gbangba ni kóòdù rẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó ní kí n má wo inú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz gbé mọ́tò tí Karl ọkọ rẹ̀ ṣe láìsọ fún un, ó kó ọmọkùnrin wọn méjèèjì sínú rẹ̀, ó forí lé Pforzheim láti Mannheim ní Jámánì. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 100. Ibi tí epo ń gbà kọjá dí, ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ tú u. Wáyà bó, ó fi okùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Bírékì jẹ, ó ní kí oníbàtà kan fi awọ bò ó. Epo fẹ́ tán, ó yà sí ilé apòògùn, ó ra òmíràn. Èyí tó wù mí jù ni pé lẹ́yìn ìrìn náà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó fi jíà kún un nítorí òkè. Àwọn tó ń pè é ní awakọ̀ àkọ́kọ́ tó rin ọ̀nà jíjìn gbàgbé pé mẹkáníìkì ni pẹ̀lú.

Nínú mọ́tò òde òní, kí ni abẹ́rẹ́ fìlà fẹ́ ṣe? Kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà nínú ẹyọ kan lè ju 50 lọ: èyí ń wọn epo, èyí ń ṣọ́ bírékì, èyí ń ṣí fèrèsé. Ètò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, CAN lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Bosch ló gbé e jáde ní 1986. Ọ̀rọ̀ ará ilé ni wọ́n kà á sí nígbà náà, kò sẹ́ni tó fi ‘ta ni yẹn?’ sẹ́nu ọ̀nà. Ní 2015, Charlie Miller àti Chris Valasek, àwọn olùṣèwádìí ààbò kọ̀ǹpútà, jókòó sílé láti dán an wò, wọ́n gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọnú Jeep kan tó ń lọ ní títì márosẹ̀, wọ́n sì dá agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dúró kó má dé táyà. Mọ́tò mílíọ̀nù 1.4 ni ilé iṣẹ́ náà ní láti pè padà.

Síbẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò tíì tì pa. Ní Amẹ́ríkà, ó ti di dandan láti orí mọ́tò ọdún 1996 pé kí ojúhò OBD-II, ibi tí a ti ń yẹ àìsàn mọ́tò wò, wà níbẹ̀. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà awakọ̀ lẹ máa bá a. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹ lè kì bọ̀ ọ́. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, á fún yín ní kóòdù lórí fóònù. Ibẹ̀ ni èmi àti àwọn mẹkáníìkì ti máa ń jà. Kóòdù P0171 jáde lára mọ́tò mi nígbà kan: epo kéré sí afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì pààrọ̀ sensọ̀, ó gbowó, ó pa iná náà. Lọ́jọ́ kejì, iná tún tàn. Rọ́bà kan tó là lábẹ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ olè. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń ké, igbe nìkan lẹ gbọ́. Bóyá ebi ni, bóyá èèrà ló ta á, àfi kí ẹ gbé e wò.

Ti mọ́tò oníná, kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1899, òun ni mọ́tò àkọ́kọ́ tó sáré kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni pé kí n máa wá ẹ̀rọ amúlétutù kiri lójú gíláàsì bíi ti fóònù ńlá tí wọ́n gbé síwájú mi, nígbà tó yẹ kí ojú mi wà lọ́nà. Bọ́tìnì dà?

Ní ti iṣẹ́, ìbéèrè kan náà làwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí: èdè kọ̀ǹpútà wo ni kí n kọ́? Èyíkéyìí. Láti 1959 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ COBOL, àwọn báǹkì kan ṣì ń fi í ka owó. Ẹ kọ́ ọ̀kan débi pé bí ó bá bàjẹ́, ẹ ó mọ ibi tí ẹ máa wò. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ń kọ kóòdù báyìí, èmi náà ń lò ó, ó sì yára. Ìgbà tí kóòdù yẹn bá kọṣẹ́ lóru ni a máa ń wá ẹni tó lè tú u.

Bí mo bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, ìbéèrè tí mo máa ń bi í ni: kí lo ti bà jẹ́ rí? Ẹnì kan dáhùn pé òun ò ba nǹkan kan jẹ́ rí láyé òun. N kò gbà á síṣẹ́. Bóyá mo ṣì í o, ẹ̀rù lè máa bà á.

Ẹnì kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé ṣé gbogbo nǹkan ló yẹ kéèyàn tú. Rárá o. N kì í fọwọ́ kan báàgì afẹ́fẹ́ inú mọ́tò, n kì í sì sún mọ́ wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà nínú mọ́tò oníná. Iná ibẹ̀ ń pààyàn. Ìyẹn, mo ń gbé e fún ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Fáànù rẹ̀ tún ti ń pariwo. Sátidé, mo máa tú u.